Owó gbànjo tí a kó jọ fún ilé-ìwé wa ti di ọ̀rọ̀ lọ́yà. Ta ló ni owó náà?

Ọmọ_Yaba | ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá mọ òfin, kó jọ̀wọ́ dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹgbẹ́ àwa tí a jọ jáde nílé-ìwé gírámà kan ní apá Yaba (ẹ má bi mí ní orúkọ ilé-ìwé) pinnu láti kọ́ yàrá ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ báyìí, ká sì gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí i. Ọmọ tí ibà bá mú níbẹ̀, orí bẹ́ǹṣì ló ń sùn títí òbí rẹ̀ yóò fi dé. Alága wa ìgbà náà ló ní ká má kàn dá owó, pé ká ṣe àsè alẹ́, ká sì lu gbànjo níbẹ̀. A ṣe é ní 2022, a tún ṣe é ní 2023, ní gbọ̀ngàn kan ní Ìkẹjà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ọ̀rẹ́ ẹgbẹ́ fi nǹkan sílẹ̀: àwòrán, ère idẹ, aṣọ òkè tó jẹ́ ti ìyá ọ̀kan nínú wa, bọ́ọ̀lù tí agbábọ́ọ̀lù kan fọwọ́ sí. Iye tí wọ́n kéde fún wa jẹ́ ₦6.1 mílíọ̀nù lọ́dún àkọ́kọ́, ₦8.1 mílíọ̀nù lọ́dún kejì.

Títí dòní, kò sí yàrá, kò sí kànga. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n kó sẹ́yìn kíláàsì nìkan la rí, koríko sì ti bò ó.

Ìgbìmọ̀ tuntun ní kí alága àná wá ṣírò owó. Ó ní owó náà kì í ṣe ti ẹgbẹ́. Ó ní àjọ aláàánú kan wà tí òun forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC (ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀), pé àjọ yẹn ló lu gbànjo, pé ẹgbẹ́ kàn bá òun pe èrò ni. Òótọ́ ni pé àkáǹtì àjọ yẹn ló wà lẹ́yìn káàdì ìpè ti 2023. Ti 2022 ńkọ́? Àkáǹtì ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ni, torí ẹgbẹ́ ò ní àkáǹtì nígbà yẹn. Nígbà tí ariwo pọ̀ lórí WhatsApp, lẹ́tà lọ́yà rẹ̀ dé: bí ẹnikẹ́ni bá tún pe òun ní olè, òun á pè é lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́, òun á sì gba ₦50 mílíọ̀nù.

Àwọn kan nínú wa fẹ́ lọ bá ọlọ́pàá. Àwọn kan ní ká fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Kí lẹ rí sí i?

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ | 9:20 alẹ́

Fún Ọlọ́run kẹ̀? Ṣé Ọlọ́run ló na ọwọ́ ra ère idẹ ni?

Àgbà_Ìsàlẹ̀Èkó | 9:41 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ rọra. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọkùnrin yìí ní àgbà nílé, ó ní ìyàwó, ó sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan. Ẹ rán àgbà méjì sí i. Ẹni tí lọ́yà ń dẹ́rù bà kọ́ ni ẹni tí ìyá rẹ̀ lè pè jókòó.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ | 9:47 alẹ́

Ẹ kú àgbà o, bàbá. Ṣùgbọ́n a kì í jẹ owó ọmọ aláìsàn ká tún ṣọ̀rẹ́.

Ajé_Òyìngbò | 10:02 alẹ́

Ẹ kó ọlọ́pàá lọ bá a ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, lójú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, owó ti jáde. Èyí tó kù, àríyá ni.

Lọ́yà_Òpópónà | ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:38 àárọ̀

Lọ́yà ni mí, àmọ́ n kì í ṣe lọ́yà yín. Ẹ gba ọ̀rọ̀ mi bí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àdúgbò.

Ajé_Òyìngbò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti wọn sínú kòtò. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, ní wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn torí pé àdéhùn yẹ̀, tàbí torí ìjà owó tí kò ní ìwà ọ̀daràn nínú. Bí ẹ̀rí bá wà pé ọkùnrin náà fi owó yẹn ṣe tara rẹ̀, olè jíjà nìyẹn, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá sì ni. Ohun tí ẹ mọ̀ báyìí kò ju pé ẹ ò mọ ibi tí owó wà. Bí ọlọ́pàá bá bá yín gba owó lọ́nà yẹn, ẹ̀yin gan-an lẹ ó padà dúró ní kóòtù, ẹ ó máa ṣàlàyé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn.

Ohun tí adájọ́ yóò kọ́kọ́ bi yín nìyí: orúkọ ta lẹ fi tọrọ owó, kí lẹ sì ní ẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹ lọ wá káàdì ìpè, pátákó tó wà lẹ́yìn pèpéle, àtẹ̀jáde orí WhatsApp, àti ọ̀rọ̀ tí alága sọ kí gbànjo tó bẹ̀rẹ̀ bí ẹnìkan bá fi fóònù gbà á sílẹ̀. Bí káàdì bá sọ pé “fún yàrá ìtọ́jú àti kànga ilé-ìwé wa”, ẹni tó gba owó náà ti di alágbàtọ́. Kì í ṣe olówó, bó ti wù kó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ló wà lórí àkáǹtì. Ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwa lọ́yà kì í yéé gbé sẹ́nu, Quistclose, tí ilé-ẹjọ́ wọn tó ga jù dá ní 1968. Wọ́n yá ilé-iṣẹ́ kan lówó láti fi san èrè fún àwọn onípìn-ín. Ilé-iṣẹ́ náà wó kó tó san án, báǹkì tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ́ fi dí gbèsè tó ń bá ilé-iṣẹ́ náà fà. Kóòtù ní rárá: iṣẹ́ kan pàtó ni owó náà wà fún, iṣẹ́ ò ṣeé ṣe mọ́, kí owó padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó mú un wá.

Ká tiẹ̀ gbà pé àjọ rẹ̀ ló ni owó 2023. Kò tíì bọ́. Òfin CAMA ti 2020 (òfin tó de ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́), abala 838, ní owó irú àjọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lórí iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ di èrè fún ọmọ ẹgbẹ́ kankan, ní gbangba tàbí ní kọ̀rọ̀.

Ìbéèrè tèmi: ṣé ẹgbẹ́ yín fúnra rẹ̀ wà ní CAC? Bí kò bá sí níbẹ̀, kò lè pe ẹjọ́ ní orúkọ ara rẹ̀. Ẹ ó yan èèyàn méjì mẹ́ta tí yóò pè é fún ara wọn àti nítorí àwọn yòókù.

Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ lórí fóònù. Àlẹ́ẹ̀tì báǹkì, ọ̀rọ̀ WhatsApp, fọ́tò, gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Ṣùgbọ́n abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù jáde gbọ́dọ̀ bá ìwé kan rìn, tí yóò sọ irú ẹ̀rọ tó mú un jáde àti pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹjọ́ tó dùn lẹ́nu ti kú sọ́wọ́ àwọn kan torí ìwé yẹn.

Ọ̀rọ̀ “olè” yẹn, ẹ yé sọ ọ́. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ṣírò owó” kì í ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́.

Ọmọ_Yaba | 7:15 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ẹgbẹ́ wa ò sí ní CAC. Káàdì 2022 wà lọ́wọ́ mi: orúkọ ẹgbẹ́ ló wà lókè, “yàrá ìtọ́jú àti kànga” sì wà lábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà. Lórí ti 2023, wọ́n fi orúkọ àjọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó kéré débi pé n óò fi awò ojú wò ó.

MoWàNíbẹ̀ | 11:50 àárọ̀

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọmọ ẹgbẹ́ yẹn lèmi náà, ẹ̀gbẹ́ alága ni mo wà lálẹ́ méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ gbàgbé.

Wọ́n kéde ₦14.2 mílíọ̀nù. Ta ló san án? Àwọn èèyàn ńláńlá na ọwọ́ sókè, ẹ pàtẹ́wọ́, fọ́tò jáde, ó parí síbẹ̀. Ẹni tó ra àwòrán ní ₦1.5 mílíọ̀nù gbé e sínú bùútù ọkọ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì tíì san kọ́bọ̀. Ẹni tó gbé ère idẹ, ₦600,000, bákan náà. Àwọn tó dìde kéde “mo fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba kún un” wà ní gúrúùpù wa báyìí, àwọn ló ń pariwo jù.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ìgbà wo lẹ rò pé a fẹ́ kọ́lé? Ní May 29, 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Nígbà tó di oṣù kejì 2024, àpò sìmẹ́ńtì ti kọjá ₦10,000 níbi púpọ̀. Iye tí kọ́ńtírakítọ̀ bu fún wa ní 2022 ò tó orí ilé nìkan mọ́. Alága dúró kí ọjà rọlẹ̀. Ọjà ò rọlẹ̀. Ṣé òun ló ń ta sìmẹ́ńtì ni?

Ẹ̀ẹ̀kẹta, àsè ńkọ́? Gbọ̀ngàn, oúnjẹ, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, dísù jẹnẹrétọ̀, ẹni tó ń lu gbànjo, ta lẹ rò pé ó san gbogbo ìyẹn?

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ | 12:04 ọ̀sán

Ọ̀gbẹ́ni, ẹ dákun, “dísù” kọ́ o, dísẹ́ẹ̀lì ni. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Ìyá_Alásè_Muṣin | 1:33 ọ̀sán

Èmi kì í sọ̀rọ̀ níbí, kíkà ni mo máa ń kà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni wọ́n dé yìí.

MoWàNíbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn: àwọn tó wá jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣé ọ̀fẹ́ ni wọ́n wọlé? Mo ti gbọ́únjẹ fún irú àsè bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹjà, ní Súrùlérè, dé Victoria Island. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń san owó gbọ̀ngàn àti owó tèmi. Owó gbànjo kì í fọwọ́ kan ìkòkò. Bí wọ́n bá ti yọ owó ọbẹ̀ lára tíkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n tún padà wá yọ ọ́ lára gbànjo, a jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ san owó adìyẹ kan.

Ọmọ_Yaba | 1:40 ọ̀sán

Màmá! ₦25,000 ni tíkẹ́ẹ̀tì ẹnìkan. Tábìlì èèyàn mẹ́wàá sì jẹ́ ₦250,000. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò rántí béèrè owó yẹn.

Ajé_Òyìngbò | 1:42 ọ̀sán

Ẹ fi màmá yìí ṣe ọ́dítọ̀ kíákíá.

MoWàNíbẹ̀ | 2:10 ọ̀sán

N ò sọ pé kò sí tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ kò kárí. Ọ̀pọ̀ tábìlì la fún àwọn àlejò pàtàkì lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè wá náwó.

Òòlù_Gbànjo | 4:27 ìrọ̀lẹ́

Iṣẹ́ gbànjo ni mo ń ṣe, Súrùlérè ni mo wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe yẹ kó rí, ẹ ó rí ibi tí ti yín ti bàjẹ́.

Bí òòlù bá ti ba tábìlì lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ iṣẹ́ mi kan ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó rà á. Ìwé ẹlẹ́yọ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kábọ́ọ̀nù wà láàárín. Nọ́ńbà ọjà, orúkọ, fóònù, iye ní fígọ̀ àti ní lẹ́tà, ìbuwọ́lù. Ọ̀kan fún ẹni tó rà á, ọ̀kan fún akápò, ọ̀kan fún ẹni tó fi ọjà sílẹ̀ fún ìtọrẹ. A kì í jẹ́ kó tó bu oúnjẹ sẹ́nu ká tó gba ìbuwọ́lù yẹn. Torí tó bá di àárọ̀ ọ̀la, tí ọtí ti dá lójú, ₦1.5 mílíọ̀nù yóò ti di “àwàdà ni mo ń ṣe”. Ọjà kì í sì kúrò lọ́dọ̀ wa tí àlẹ́ẹ̀tì ò bá tíì wọlé. Ẹni tó bá ní òun á san lọ́la, ọ̀la náà ló máa gbé ọjà rẹ̀.

Ẹ wá mọ ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tó na ọwọ́ tí òòlù sì bà lé e lórí ti RA nǹkan. Òfin ọjà títà ti Èkó, èyí tí a jogún lára ti Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1893, ní ìgbà tí òòlù bá balẹ̀ ni ọjà parí. Kó tó balẹ̀, ó lè ní òun ò ṣe mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ajigbèsè ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn dìde tó ní òun fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba kún un, tí kò gba nǹkan kan lọ sílé, ìlérí ẹnu nìyẹn. Ẹ lè dójú tì í, àmọ́ kóòtù ni n ò mọ̀ bóyá ó máa bá yín gbà á. Lọ́yà, ẹ bá mi tún un ṣe.

Lọ́yà_Òpópónà | 5:05 ìrọ̀lẹ́

Kò sí àtúnṣe kankan, ọ̀gá. Ìlérí tí kò sí pàṣípààrọ̀ nínú rẹ̀ ṣòro láti fi gba owó ní kóòtù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra àwòrán àti eléère idẹ wọ̀nyẹn, ₦2.1 mílíọ̀nù lápapọ̀, owó wọn ò sá lọ síbì kankan. Kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré, Small Claims Court, bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 2018 fún gbèsè tí kò bá ju ₦5 mílíọ̀nù. Ẹ ó kọ́kọ́ kọ ìwé ìbéèrè fún ajigbèsè. Bí kò bá san, ẹ gbé e lọ síwájú májísíréètì. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n fi ṣe òté fún ara wọn láti dá a. Ìwé ìbuwọ́lù tí ọ̀gá sọ yẹn ni yóò ṣe gbogbo iṣẹ́. Ṣé ó wà?

Ọmọ_Yaba | 5:31 ìrọ̀lẹ́

Kò sí ìwé ẹlẹ́yọ mẹ́ta. Ìwé àjákọ kan ni akọ̀wé fi ń kọ ọ́. Ó ya fọ́tò ojú ewé ti 2023. Mo ń wò ó báyìí: “14. Àwòrán obìnrin aláró. 1.5m”, orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àmì ọbẹ̀ lórí igun ìwé. Kò sí ìbuwọ́lù.

Lọ́yà_Òpópónà | 5:36 ìrọ̀lẹ́

Fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ń gbé àwòrán sínú ọkọ̀ ńkọ́? Èèyàn kì í mú ọjà tí kò rà lọ sílé.

Ọmọ_Yaba | 5:37 ìrọ̀lẹ́

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sórí Instagram. Ara ògiri pálọ̀ rẹ̀ ló wà.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ | 5:38 ìrọ̀lẹ́

😂😂😂 Ó mà ṣe o.

Mo_Ra_Bọ́ọ̀lù | 8:49 alẹ́

Ọ̀rẹ́ kan ló fi ojú ìwé yìí ránṣẹ́ sí mi. N kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ yín, àmọ́ èmi ni mo ra bọ́ọ̀lù ní 2022, ₦700,000, mo sì san án lọ́jọ́ kejì. Ìdí tí mo fi san iye bẹ́ẹ̀ fún bọ́ọ̀lù ni pé wọ́n ní ọmọ aláìsàn ló wà fún. Ẹnìkan ló ń bá mi du ú, ó ń gbé e sókè láti ₦200,000. Lẹ́yìn náà ni mo rí ọkùnrin yẹn tó ń wa ọkọ̀ alága yín. Ṣé mo lè gba owó mi padà?

Òòlù_Gbànjo | 9:01 alẹ́

Háà. Awakọ̀?

Lọ́yà_Òpópónà | 9:30 alẹ́

Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Nínú òfin ọjà títà kan náà, ẹni tó ń ta nǹkan kò gbọdọ̀ bá àwọn oníbàárà du ọjà ara rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi ẹlòmíràn bò ó mọ́lẹ̀, àfi tó bá ti kéde rẹ̀ ṣáájú pé òun ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣe é, ẹni tó rà á lè pe ọjà náà ní ti ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé alága ló rán an. Awakọ̀ pàápàá lè fẹ́ràn bọ́ọ̀lù.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀gbẹ́ni, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ yín. Ohun tí ẹ rà lẹ gbà. Àìkọ́ yàrá nìkan ò ní dá owó yín padà. Ohun tí ó fún yín ni ẹnu láti bá ẹgbẹ́ béèrè ìṣirò. Ẹ̀rí yín yóò wúlò fún wọn ju owó yín lọ.

Mo_Ra_Bọ́ọ̀lù | 9:44 alẹ́

Mo gbà. Kí wọ́n kọ́ yàrá náà, n ò fẹ́ owó. Ṣùgbọ́n màá jẹ́rìí.

Ará_Houston | ọjọ́ Ọjọ́rú, 3:12 òru

Ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni. Níbí, ọ̀gá òfin ìpínlẹ̀ New York pe àjọ aláàánú Donald Trump lẹ́jọ́ ní 2018. Lára ohun tó jáde ni pé níbi gbànjo àwọn aláàánú kan ní 2014, Trump ra àwòrán ojú ara rẹ̀ ní $10,000, owó àjọ ni wọ́n sì fi san án. Ní oṣù kọkànlá 2019, adájọ́ ní kó san $2 mílíọ̀nù fún àwọn aláàánú, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ sì ni ìkówójọ kan tó ṣe fún àwọn jagunjagun tẹ́lẹ̀ ní Iowa ní 2016. Wọ́n tú àjọ náà ká, wọ́n pín ìyókù owó rẹ̀ fún àwọn àjọ mìíràn.

Ajé_Òyìngbò | 7:00 àárọ̀

Ẹ má gbé òṣèlú Amẹ́ríkà wá síbí o, a ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ awakọ̀.

Àgbà_Ìsàlẹ̀Èkó | 7:22 àárọ̀

Ohun tí ará Houston sọ bá mi lọ́kàn mu. Níbẹ̀, ìjọba ló pe ẹjọ́. Ta ni ń ṣọ́ àwọn aláàánú níbí?

Lọ́yà_Òpópónà | 8:10 àárọ̀

Bàbá, CAC ni, wọ́n sì ní agbára ju bí àwọn èèyàn ti rò lọ. Abala 839 CAMA jẹ́ kí kóòtù lè dá àwọn alágbàtọ́ àjọ dúró kí wọ́n fi ẹlòmíràn ṣàkóso fúngbà díẹ̀, bí ìwà àìtọ́ bá wà lórí owó. CAC lè bẹ̀bẹ̀ fún un, tàbí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ọmọ àjọ. Ìkòyí lẹ ó gbé ìyẹn lọ, Federal High Court. Ibi tó ti le ni pé ọmọ ÀJỌ RẸ̀ ni òfin sọ, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ yín. Bó bá jẹ́ pé òun, ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ló wà nínú àjọ, ta ni yóò bẹ̀bẹ̀? Ẹ kọ̀wé sí CAC. SCUML, ẹ̀ka kan lábẹ́ EFCC tó ń gbógun ti jìbìtì owó, náà ní ìwé àwọn àjọ aláàánú lọ́wọ́, torí òfin tó lòdì sí fífọ owó àìmọ́ di mímọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sáré, Ọmọ_Yaba, ẹ lọ sí ojú ìwé CAC lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ orúkọ àjọ náà. Kò gba owó. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ_Yaba | 8:26 àárọ̀

Oṣù kẹta 2023.

Ẹ̀gbọ́n. Gbànjo àkọ́kọ́ wáyé ní oṣù kọkànlá 2022.

Lọ́yà_Òpópónà | 8:29 àárọ̀

Àjọ tí wọn ò tíì bí kò lè lu gbànjo. Owó 2022 kò lè jẹ́ tirẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn sí ìpínrọ̀ kìíní lẹ́tà yín, ẹ má fi èébú kankan sí i.

MoWàNíbẹ̀ | 10:55 àárọ̀

Èyí, n ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Òun ló sọ fún mi pé ó ti pẹ́ tí àjọ ti wà.

Ọmọ_Yaba | ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ Ẹtì, 6:47 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìdúró. A kọ lẹ́tà, lọ́yà rẹ̀ sì fèsì, èsì ọ̀tọ̀ ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi ìṣirò kún un. Ó ní ₦10.3 mílíọ̀nù ló wọlé lódodo: ₦4.9 mílíọ̀nù ní 2022, ₦5.4 mílíọ̀nù ní 2023. Ó ní ₦3.4 mílíọ̀nù lọ sórí àsè, ₦2.6 mílíọ̀nù sórí búlọ́ọ̀kù, irin àti owó ìwọ̀nlẹ̀. ₦4.3 mílíọ̀nù ṣẹ́kù. Ó ní òun ṣe tán láti gbé àṣẹ́kù yẹn wá tí a bá fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ parí.

Kò sí owó tíkẹ́ẹ̀tì nínú ìwé náà, kò tiẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ìyá_Alásè_Muṣin | 6:52 ìrọ̀lẹ́

Mo ní kí ni?

Lọ́yà_Òpópónà | 7:20 alẹ́

Ẹ má fọwọ́ sí “ọ̀rọ̀ parí”. Ẹ sọ pé kó gbé ₦4.3 mílíọ̀nù tí òun fúnra rẹ̀ gbà pé ó wà lọ́wọ́ òun sínú àkáǹtì tuntun tí èèyàn mẹ́ta yóò máa fọwọ́ sí, kí ẹ wá jókòó lórí ìyókù: ₦3.4 mílíọ̀nù àsè, pẹ̀lú rìsíìtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Fún ìjókòó náà, ẹ má tíì lọ sí kóòtù. Lagos Multi-Door Courthouse ti wà láti 2002 fún irú èyí. Onílàjà kan yóò jókòó láàárín yín, ohun tí ẹ bá sì fẹnu kò lé lórí, adájọ́ lè fọwọ́ sí i kó di ìdájọ́. Ẹ bá Àgbà_Ìsàlẹ̀Èkó dúpẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà la padà dé. Bí owó ibẹ̀ bá pọ̀ jù fún yín, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ | 7:31 alẹ́

Ìwé ẹjọ́ ṣì wà láyé ni? Ṣebí kóòtù gíga Èkó tó wà ní Igbosere jóná ní 2020.

Lọ́yà_Òpópónà | 7:34 alẹ́

Ó jóná, October 21, pẹ̀lú ìwé ẹjọ́ tí a ò ní rí mọ́. Ìdí mìíràn nìyẹn tí ẹ fi ní láti ní ẹ̀dà gbogbo nǹkan lọ́wọ́.

Ajé_Òyìngbò | 7:50 alẹ́

Bí yàrá bá ti wọ́n jù báyìí, kí ló dé tí ẹ ò fi ₦4.3 mílíọ̀nù yẹn san owó ilé-ìwé fún àwọn ọmọ tálákà?

Lọ́yà_Òpópónà | 7:58 alẹ́

Torí wọn ò tọrọ rẹ̀ fún owó ilé-ìwé. Ohun tí wọ́n ń bá alága jà lé lórí gan-an nìyẹn, kí àwọn náà má lọ ṣe é. Ṣùgbọ́n kànga wà lórí káàdì. Kí wọ́n fi kànga bẹ̀rẹ̀.

MoWàNíbẹ̀ | 9:15 alẹ́

Mo ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Yóò wá síbi ìlàjà. Ó ní kí ẹ̀yin náà kó àwọn tó jẹ gbèsè gbànjo wá, kì í ṣe òun nìkan. Ẹ̀tọ́ ni.

Ọmọ_Yaba | ọjọ́ Ajé, 8:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà kọ̀wé sí mi lọ́tọ̀ pé ohun tí a bá sọ níwájú onílàjà kò gbọdọ̀ jáde síta, kò sì ṣeé gbé lọ sí kóòtù tí ìlàjà bá yẹ̀. Torí náà ẹ ò ní gbọ́ nǹkan púpọ̀ lẹ́nu mi mọ́ níbí.

Èyí tí mo lè sọ: ₦4.3 mílíọ̀nù ti wọ àkáǹtì tuntun lọ́sàn-án òní, mo rí àlẹ́ẹ̀tì. Ìwé ìbéèrè gbèsè ti lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ra àwòrán. Ó ti yọ fọ́tò kúrò lórí Instagram, àmọ́ akọ̀wé ti ní ẹ̀dà. Eléère idẹ pè, ó ní òun á san ₦300,000 lóṣù yìí, ₦300,000 lóṣù tó ń bọ̀.

Ìjókòó àkọ́kọ́ ti ìlàjà di ọjọ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì tàbí tábìlì ní 2022 tàbí 2023, tí àlẹ́ẹ̀tì ìsanwó sì ṣì wà lórí fóònù rẹ̀, kó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí ọjọ́ Ọjọ́rú tó parí. Màmá Muṣin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo iye tí àwo oúnjẹ kan ń jẹ́ ní 2022.

Ìyá_Alásè_Muṣin | 8:11 alẹ́

Ìwé mi wà nílẹ̀. Iye èèyàn mélòó?